Gílóòbù Méjì Lójú Fèrèsé

Ogójì ọdún ni mo fi tún rédíò ṣe nílùú Ivalo,
mo jó òjé títí èéfín rẹ̀ fi di òórùn aṣọ mi,
n kò mọ̀ pé gílóòbù a máa ríran.
Lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó tàn lọ:
kó pọ́n ṣóńṣó lára ẹ̀rọ,
kí oníbàárà lè mọ̀ pé owó òun kò gbé.
Àfi ìgbà tí Saimi, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
wọlé tòun ti yìnyín nínú bàtà,
tó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà."

Gílóòbù LED, ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n,
ó ní ẹsẹ̀ gígùn, ó ní ẹsẹ̀ kúkurú.
Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀;
ẹni bá gba ẹ̀yìn wá, á bá ìlẹ̀kùn ní títì.
Saimi gba ẹ̀yìn wá.
Ó bu iná ṣíún síbẹ̀, bí ẹni bu omi sínú ife,
ó sì yọwọ́.
Nínú òkùnkùn, ife náà kì í tètè gbẹ.
Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ta sí i,
ìdí ife á lu, iná á dà nù wàrà.
Pátákó kékeré kan ń ṣọ́ ọ.
Bó bá ti gbẹ, á dún, á tún bu òmíràn.

Nítorí tèmi ló ṣe ń dún.
Ọdún kẹta rèé tí ojú mi ti ń kú;
ohun tó kù níbẹ̀ kò ju eérú lọ.

Méjì ló gbé sójú fèrèsé.
Pupa ń dún kẹ́. Aláwọ̀ ewé ń dún kọ̀.
Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?
Ó ní kálukú wọn ń rí ìmọ́lẹ̀ tó bá tirẹ̀ dọ́gba,
ó sì ń rí èyí tó lágbára jù ú lọ,
ṣùgbọ́n èyí tó rẹlẹ̀ sí i, kò ní fojú kàn án.
Pupa rí ewé; ewé kò rí pupa.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀,
mo ti tún rédíò wọn ṣe rí.

Oṣù Disẹ́ńbà wọlé, oòrùn kò yọ mọ́.
Kẹ́.
Mo mu kọfí tán.
Kọ̀.
Ìró wọn ń rìn bí arúgbó lórí yìnyín dídán.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, àwọn méjèèjì sáré lẹ́ẹ̀kan náà:
kẹ́kẹ́kẹ́ kọ̀kọ̀kọ̀!
Mo ju ṣíbí sílẹ̀. "Saimi, oòrùn ti dé!"
Omi ti dé ojú mi kí ó tó yọjú wòta.
Katakata Heimo ni, tó ń kó yìnyín,
tó kọ iná ńlá rẹ̀ sí wa.
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ dákẹ́. Ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan,
Saimi wà nílé ìwé.
Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́kẹ́. Kẹ́kẹ́kẹ́.
Mo dúró de ekejì rẹ̀.
Kọ̀.
Ó tún pẹ́.
Kọ̀.
Ewé ń wọ́ ẹsẹ̀, pupa ń sáré.
Ta ló tún lè pọ́n tó bẹ́ẹ̀, tí yóò rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn igbó páìnì?
Katakata kọ́.

N kò pe ẹnikẹ́ni.
Mo táràrà dé fèrèsé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo pupa: ó dákẹ́.
Mo ká ọwọ́ kúrò: kẹ́kẹ́kẹ́.
Mo bò ó. Mo ṣí i.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é bí ọmọdé
títí ó fi padà sí ìrìn àgbà.